Ẹ̀rọ Ìṣègùn: Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Ẹni tí ó bá wọ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ilẹ̀ Nàìjíríà yóò rí ẹ̀rọ tí eruku ti bò ní kọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni ó ti gbó. Òmíràn kò ní àìsàn ju fíúsì tí ó jó lọ; òmíràn ń retí ẹ̀yà kékeré kan tí a kò rí rà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, 10 sí 30 péré nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ìṣègùn tí a fi ta wọ́n lọ́rẹ ni ó ń di lílò.

Òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ ìṣègùn Nàìjíríà ti ń wá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà, owó wọn ti ga sókè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a má ṣe gba owó ẹnubodè lórí àwọn ẹ̀rọ àti èròjà kan tí a fi ń pèsè oògùn, abẹ́rẹ́ àti síríńjì nílé. Àwọn oníṣòwò rí àǹfààní níbẹ̀, kò sì burú.

Ṣùgbọ́n títà nìkan kọ́ ni òwò yìí. Fólítì 120 ni iná ilé Amẹ́ríkà, 230 ni ti Nàìjíríà. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí a kó wá láì wo èyí lè jó lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tàn án. Àrùn kòrónà ọdún 2020 sì fi hàn pé àìsí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lè pa aláìsàn tí dókítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀sìn kò gba kí olùtà bo àbùkù ọjà mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bò ó nínú ọjà yìí, ẹ̀mí ènìyàn ni ó fi ń ṣòwò.

Àtúnṣe ni àyè ti ṣí sílẹ̀ jù. Yunifásítì Ìlọrin àti ti Èkó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ ìṣirò yà síbẹ̀. Kí oníṣòwò forúkọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC, kí ó tọ́jú ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí ó tà, kí ó sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí a ti ń lò ó. Kí ilé ìwòsàn náà má ṣe san owó tán láì tíì kọ ìdáhùn ìbéèrè kan sínú ìwé àdéhùn: bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe?