Abẹ́rẹ́ Tí Ẹ Ń Gún fún Ọkùnrin Tó Ń Wá Ọmọ

Ẹ̀yin dókítà wa àti ẹ̀yin oníkẹ́mísì àdúgbò,

Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe. Èmi ni wọ́n ń gbé àtọ̀ wá fún nínú ike kékeré; màá kán díẹ̀ sójú gíláàsì, màá fi máíkírósíkóòpù wò ó. Ojú gíláàsì yẹn ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá. Apá rẹ̀ kún, àyà rẹ̀ fẹ̀. Mo wo gíláàsì náà láti etí kan dé èkejì, mi ò rí sípáàmù kan ṣoṣo. Mo fi ẹ̀rọ yí i kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè silẹ̀, mo tún wò ó: òfo. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń lò?" Ó ní abẹ́rẹ́ testosterone ni, oṣù karùn-ún rèé. Wọ́n ní yóò mú àtọ̀ òun le, torí ọmọ ni òun àti ìyàwó òun ń wá.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún kórópọ̀n. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, tó ń tú họ́mọ́ọ̀nù LH àti FSH sínú ẹ̀jẹ̀. LH ló ń mú kórópọ̀n ṣe testosterone. FSH ló ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tọ́ sípáàmù lọ́wọ́. Testosterone inú kórópọ̀n pọ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀, òun sì ni sípáàmù fi ń gbó. Bí ẹ bá wá fi abẹ́rẹ́ kún ti inú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á rò pé ó ti tó, á dáwọ́ àṣẹ dúró. LH á lọ sílẹ̀, FSH á lọ sílẹ̀, kórópọ̀n á káwọ́ gbera. Ara ọkùnrin náà á máa le, àtọ̀ rẹ̀ á sì ṣófo.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde: wọ́n gún ọkùnrin 271 ní testosterone lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó lè jẹ́ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Sípáàmù tán pátápátá lára 157 nínú wọn. Ohun tí wọ́n dán wò láti fi dènà oyún ni ẹ ń gún fún ẹni tó ń wá oyún!

Kò sì tán síbẹ̀. Sípáàmù kan ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 kó tó pé. Bí ọkùnrin bá dá abẹ́rẹ́ dúró lónìí, ó di ọ̀pọ̀ oṣù kí tirẹ̀ tó padà. Ti ẹlòmíràn a máa ju ọdún kan lọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ikùn ìyàwó ni gbogbo ilé ń wò.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọkùnrin bá wá gba abẹ́rẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ṣì fẹ́ bímọ. Ẹ ní kó yẹ àtọ̀ wò, kó yẹ LH, FSH àti testosterone wò láàárọ̀. Bí họ́mọ́ọ̀nù rẹ̀ bá kéré lóòótọ́, oògùn bíi hCG wà, tó ń ṣe iṣẹ́ LH láì pa kórópọ̀n tì; dókítà tó mọ̀ ọ́n ni kó kọ ọ́. Ẹ̀yin oníkẹ́mísì, ẹ má ta abẹ́rẹ́ yìí fún ẹni tí kò mú ìwé dókítà wá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá gba ọkùnrin yẹn là. Ẹ bi wọ́n, kí ẹ tó gún wọn.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ láàbù kan