Ìbéèrè Ló Yẹ Kó Yan Ọ̀nà

Orin kan náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítàsì nínú sàíkọ́lọ́jì ń gbọ́ nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí bá kàn wọ́n: pín ìwé ìbéèrè fún igba ènìyàn, kó èsì rẹ̀ sínú SPSS, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, kí o sì kọ ọ́ jáde. Ó tilẹ̀ ti rọrùn sí i lóde òní. Wọ́n á ju Google Form sórí WhatsApp, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ á dá a lóhùn kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé oyè á sì kéde pé bí ọkàn àwọn ará Èkó ṣe rí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn àwọn tó ní fóònù, tí wọ́n ní dátà, tí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì mọ akẹ́kọ̀ọ́ náà ni wọ́n yẹ̀ wò.

Kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ gbé ìwé rẹ̀ dé Oniru ní Èkó wò. Lẹ́nu géètì ẹ̀sítéètì, ọlọ́dẹ kò ní jẹ́ kó wọlé bí onílé kan kò bá mọ̀ ọ́n. Yóò yà sọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ tó ń bu ìrẹsì fún àwọn bíríkìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. PHQ-9 ló mú dání, ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń wá àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ǹjẹ́ ìbànújẹ́ dé bá yín? Ṣé kò ṣẹlẹ̀ rárá, àbí lọ́jọ́ díẹ̀, àbí ó ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ, àbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́? Ìyá á ní, “A dúpẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run ń ṣe é.” Akẹ́kọ̀ọ́ á fàmì sí òdo. Bó bá jókòó tì í títí ọjà fi tú, bóyá ni kò ní gbọ́ nípa gbèsè àjọ, nípa ìsọ̀ tí wọ́n wó, nípa oorun tí kò wá mọ́. Òdo yẹn ti gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ìbéèrè ló yẹ kó yan ọ̀nà. Ọ̀nà kọ́ ló yẹ kó yan ìbéèrè. Ẹni tó fẹ́ mọ iye àwọn tí nǹkan ń ṣe lè kà wọ́n. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe wọ́n gan-an gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò láìkánjú, bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ ìbéèrè kí wọ́n sì dán an wò, bí wọ́n ṣe ń padà tọ ẹnì kan náà lọ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Iṣẹ́ ni wọ́n, kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Kọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ kìkì ìṣirò kò lè fi wọ́n kọ́ni.

Ilẹ̀ Yorùbá sì ti ṣe é rí. Nígbà tí Adéoyè Lámbò, ọ̀gá ilé ìwòsàn Aro, pẹ̀lú Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ń wádìí àìsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé tó yí i ká, wọn kò gbára lé ìwé ìbéèrè òkèèrè nìkan. Wọ́n tún wádìí ohun tí àwọn Yorùbá fúnra wọn kà sí àìsàn ọpọlọ. Ọdún 1963 ni ìwé wọn jáde.

Ìwádìí ti Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, tilẹ̀ tún lágbára jù. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, Ògúnníyì àti Hugh Hendrie bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbà ọlọ́dún 65 sókè níbẹ̀ wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, lórí àrùn ìgbàgbé. Ìdánwò tó gbajúmọ̀ nígbà náà a máa ní kí ènìyàn pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí wọ́n bá gbé ìyẹn ka iwájú ìyá àgbà tí kò ka ìwé rí, aláìsàn ni wọn ì bá pè é. Wọ́n túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá, wọ́n ní kí àwọn mìíràn tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀ bóyá ó yẹsẹ̀, wọ́n sì bi ará ilé léèrè bí àgbà náà ṣe ń ṣe nílé. Wọ́n padà lọ lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n tún padà lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní 2001 ni ayé gbọ́ èsì rẹ̀: lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà náà ni àrùn yìí ń mú ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ọ̀nà tí wọ́n gbà bi ìbéèrè náà ló jẹ́ kí èsì yìí ṣeé gbà gbọ́.

Àwọn kan á ní àkókò kò tó. Ènìyàn mẹ́wàá tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ yékéyéké kò gba àkókò ju igba ìwé tó ń lépa kiri lọ. Wọ́n á ní nọ́ńbà ni sáyẹ́ǹsì. Onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì Jeffrey Arnett ka ìwé àtìgbàdégbà mẹ́fà ti ẹgbẹ́ onísàíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà láti 2003 sí 2007, ó sì rí i pé ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n wádìí ló jẹ́ ará Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà kún inú wọn fọ́fọ́. Ìyókù ayé ni kò sí níbẹ̀.

Orí ilẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn dúró sí ní Oniru pàápàá ní ìbéèrè tirẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1990, lábẹ́ Gómìnà Raji Rasaki, wọ́n fún àwọn ará Maroko, àdúgbò tó wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ méje péré láti kó jáde, wọ́n sì wó ilé mọ́ wọn lórí. Wọ́n fojú bù ú pé bí ènìyàn 300,000 ni kò rílé gbé mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí Ilasan àti Ikota. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ìgbà náà ti lé ní ogójì báyìí. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2024, katakata tún dé etíkun Landmark tí kò jìnnà síbẹ̀ nítorí ọ̀nà Èkó sí Calabar, àwọn oníṣòwò sì ń wo ìsọ̀ wọn bó ṣe ń lọ. Ìjọba tó bá ń wólé ń sọ iye kìlómítà ọ̀nà àti iye owó. Ohun tí ìwólé ṣe sí oorun ọmọdé àti sí ìgbẹ́kẹ̀lé àgbàlagbà yẹ kó wà nínú ìṣirò náà, ìkà ni bí wọ́n bá yọ ọ́ sílẹ̀.

Ta ni yóò wá wádìí rẹ̀? Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìtàn ìgbésí ayé, tó mọ ìgbà tó yẹ kó pa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nígbà tí omi bá lé sójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó yé pé ẹni tí wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣàdédé tẹ̀ka síwèé àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìfọwọ́sí lásán ni. Ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì tó bá fẹ́ tọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dàgbà ní láti fún un ní sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko níta, kó máa fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò ní Yorùbá, ní Ẹ̀gùn, ní Pidgin, kó sì máa kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí olùdánwò tó máa ń kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ pé ìwé mélòó lo pín, kọ́kọ́ bi í pé èdè wo lo fi bi wọ́n.