Ta Ni 201?

Ẹ̀yin oníṣòwò àti oníṣẹ́-ọwọ́ tí ṣọ́ọ̀bù yín ti di méjì mẹ́ta, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń so tẹlifóònù ọ́fíìsì ìlú kan mọ́ ti ìlú kejì báyìí. Ará Ìbàdàn á tẹ òǹkà mẹ́rin péré, ti Èkó á dún, bí ẹni tó ń pe ará yàrá kejì. Owó íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń san. Ó dùn létí, àbí?

Wàhálà ibẹ̀ ni nọ́ńbà. Kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, Ìbàdàn ti fún akápò ní 201, Èkó náà sì ti fún ọ̀gá sítọ́ọ̀ ní 201 tirẹ̀. Bí wọ́n bá wá so ó pọ̀ tán, ta ni 201? Ẹ̀rọ ò mojú èèyàn. Ará Ìbàdàn tó ń wá sítọ́ọ̀ Èkó, akápò tó jókòó tì í ni yóò gbé e!

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tí yóò ṣáájú. Bí Ìbàdàn bá mú 2, tí Èkó mú 3, akápò di 2201, sítọ́ọ̀ di 3201. Ìjà parí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi 0 ṣáájú, nítorí òun ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ìta. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló sì ń tẹ 9 kí wọ́n tó pe ìta. Ẹ yẹra fún 1 náà. 112 ni wọ́n ń pè fún pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Bí 1125 bá wà nínú ilé, ẹ̀rọ lè dúró wò ó bóyá òǹkà kẹrin ń bọ̀. Iná tó ń jó kì í dúró.

Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ de ẹ̀ka tó ń bọ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà ò tó mọ́ ní London, ni 01 wọn bá di 071 àti 081 lọ́dún 1990. Lọ́dún 1995, ó di 0171 àti 0181. Nígbà tó di 2000, 020 ló kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́wàá! Àwọn tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ kò ní bínú ṣá.

Èyí tó léwu jù ni pé àwọn mìíràn máa ń jẹ́ kí gbogbo ìpè ìta gba ẹ̀rọ Èkó jáde. Iná ń jó n'Íbàdàn, wọ́n tẹ 112, Èkó ni ìpè ti jáde, àwọn tó gbé e sì lè máa wá iná náà kiri Èkó. Kí wọ́n tó sanwó oníṣẹ́ ẹ̀rọ tán, kí wọ́n bi í dáadáa: bí Ìbàdàn bá tẹ 112, ìlú wo ni yóò ti jáde?