Àìrí Kì í Ṣe Àìsí

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Wọn kò sọ pé abuké ọ̀kẹ́rẹ́ kò sí. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń wá a ni wọ́n dá lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀.

Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde ni tọmọdé tàgbà ti ń dárúkọ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ìbéèrè ni a kọ́kọ́ ń bi í, tí ó ń dáhùn. Nísinsìnyí, a ti ń rán an níṣẹ́. A lè sọ fún un pé: ‘Lọ bá mi wá pláànù ilé kan báyìí, wo iye àjà tí ìjọba fọwọ́ sí, kí o wá jíṣẹ́.’ Àwọn kan sì ń ṣe irinṣẹ́ tí irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi máa tú fáìlì. Yóò wo orúkọ fáìlì, yóò ka inú rẹ̀, yóò fi èyí wé tọ̀hún. Ohun tí akọ̀wé lè fi ọ̀sẹ̀ kan wá, ó lè rí i kí a tó ṣẹ́jú pẹ́.

Èmi kò bá irinṣẹ́ yìí ṣọ̀tá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Kí eruku tó rọlẹ̀ ni ẹnu àwọn aláṣẹ ìjọba kan náà ti yà: ọ̀kan ní àjà 15 ni ìwé àṣẹ wí, òmíràn ní 21 ni. Ilé ti wó tán kí a tó máa jiyàn lórí ohun tí ìwé sọ! Ẹ̀rọ tí yóò mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde kí ewu tó dé, ọ̀rẹ́ wa ni.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà yóò jẹ́ nígbà tí kò bá rí ìwé.

Ẹ wo Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Aládùúgbò ni wọ́n, ẹsẹ̀ lásán lè gbé ni láti ọ̀kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n ìwé wọn kò gba ọ̀nà kan náà. Ní ọdún 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó la àdúgbò ibùgbé Àpápá ní àwọn ọdún 1950, tí ó wọn ilẹ̀, tí ó sì fún un ní nọ́ńbà. Nígbà tí ó di apá kan LSDPC ní 1972, iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàìní ẹni tí yóò jogún rẹ̀.

Ajégúnlẹ̀ ńkọ́? Òde ààlà ìlú Èkó ti ìgbà náà ni ó wà. Títí di 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú ìjọba náà. Òṣìṣẹ́ èbúté tí owó rẹ̀ kò ká Àpápá, ọwọ́ ìdílé onílẹ̀ ni ó ti ra ilẹ̀ tirẹ̀. Ó gba rìsíìtì níwájú ẹlẹ́rìí, ó kọ́lé, ó sì ki ìwé bọ inú àpótí lábẹ́ ibùsùn.

Mo mọ ọ̀kan nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, nítorí ti bàbá bàbá mi ni. Nínú rìsíìtì ilẹ̀, Lawani ni wọ́n pè é. Nínú ìwé awọnlẹ̀, Lawal. Nínú ìwé owó ilé tí kánsù gbà, Baba Risi. Nọ́ńbà ilé náà sì ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹ̀rọ lè ní ènìyàn mẹ́ta ni, tàbí kí ó ní òun kò rí ẹnìkankan.

Àwa Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò mọ èyí. ‘Kò sí’ ni yóò mú bọ̀. Ẹni tí ó rán an yóò gbọ́ ‘ilé tí kò gba àṣẹ’. Ẹni tí ó tẹ̀lé e yóò gbé ọ̀dà pupa. Ẹni tí ó kẹ́yìn yóò wa katakata dé. N kò lá àlá. Ní oṣù kejì ọdún 2013, ní Badia East tí kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀, wọ́n wó ilé mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lórí, láìsí ẹ̀rọ kankan tí ń bá wọn wá fáìlì.

Ẹnìkan lè ní òfin ni òfin. Mo gbà, n kò ní kí ilé tí ó fẹ́ wó máa dúró. Ṣùgbọ́n ògiri ni ó ń wó pa ènìyàn, kì í ṣe fáìlì. Ilé tí ó ní ìwé lè wó, èyí tí kò ní lè dúró gbọn-in. Ẹni tí ó lọ yẹ kọnkéré àti irin rẹ̀ wò ni yóò mọ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹ̀rọ náà máa sọ ibi tí ó wá dé. ‘N kò rí i nínú ìwé Èkó, n kò dé Ìbàdàn, n kò sì dé inú àpótí onílé’: òdodo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Èkejì, kí a má ṣe fi ọ̀dà kan ilé kankan nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan, àfi bí ènìyàn bá rìn débẹ̀, tí ó sì béèrè ìwé lọ́wọ́ onílé. Ẹ̀kẹta kan àwa gan-an. ‘Ojo’ tí kò ní àmì lórí ìwé lè jẹ́ Òjó, orúkọ ènìyàn; ó lè jẹ́ Ọjọ́, orúkọ ìlú. Ta ni yóò kọ́ ẹ̀rọ ní ìyàtọ̀ wọn bí kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá? Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa lo ìsinmi kan ní Ajégúnlẹ̀, kí a kọ orúkọ àdúgbò, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà, kí a sì bá ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán ìwé inú àpótí rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá wá dé lọ́jọ́ kan tí ó ní òun kò rí ilé bàbá bàbá mi, kí ẹnìkan kọ́kọ́ bi í pé: ibo ni o rìn dé?