Bàbá Àgbà Inú Fóònù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn tí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti bọ́ agbádá sílẹ̀, tí wọ́n ti jẹun, tí wọ́n sì ti jí lójú oorun ọ̀sán, bí ènìyàn bá rìn láti Òkè-Àgbò lọ sí Òjòwó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú Orímolúsì, yóò máa gbọ́ ohùn àwọn àgbàlagbà tí ń ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn bí ẹni tí ń pe ará oko láti òdìkejì odò. Wọn kò jà, etí wọn kò sì di. Ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń kí nínú fóònù, arúgbó a sì máa rò pé bí òkun bá ti fẹ̀ tó ni ohùn òun yẹ kí ó lọ sókè tó.

Èmi náà wà lára wọn. Orí tábìlì ni a máa ń gbé fóònù lé, a ó fi agolo gaàrí tì í lẹ́yìn kí ó má baà ṣubú, aya mi a sì wé gèlè tuntun, nítorí ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ òun máa rántí òun ní orí lásán. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn òyìnbó, aago tiwa àti ti Manchester, níbi tí ọmọ-ọmọ wa ń gbé, kì í fi ìṣẹ́jú kan ju ara wọn lọ. Ní ìgbà òtútù wọn, wákàtí kan péré ni a fi ṣíwájú wọn. Bí ó bá ṣe ti aago ni, aládùúgbò ni wá.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ náà, ẹni ọdún mẹ́fà, la ẹnu gbàgà sí wa kí a lè rí àlàfo tí eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Inú aya mi dùn dé ìdí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé pé kí ó má ṣe da eyín náà nù bí pàǹtírí, pé orí òrùlé ni a ń jù ú sí pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, àti pé kí ó pa ẹnu dé bí alángbá bá ń kọjá, nítorí bí alángbá bá fi ojú kan àlàfo náà, eyín tuntun kò ní tètè hù. (Mo mọ̀ pé yóò ṣòro láti rí alángbá ní Manchester, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀.) Ọmọ náà tẹjú mọ́ ìyá àgbà rẹ̀, ó gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ tí ń din dòdò lẹ́yìn rẹ̀, ó fi èdè òyìnbó bi í léèrè ohun tí Ìyá Àgbà ń wí. Ọmọ mi obìnrin kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí iná. Ó ní, 'Wọ́n ní o kú oríire.'

Òrùlé lọ, òkúta lọ, alángbá náà lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé òkun tí a ń bú ní gbogbo ìgbà yìí kò jẹ̀bi tó bí a ti ń wí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí. Àgbà ń bẹ ní ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó lónìí, ó ń wo ọmọ tuntun nínú dígí fóònù, ó ń rí i kedere pé orí ń wọ́, ó sì ń pariwo atọ́nà ní èdè tí ẹni tí ó gbé ọmọ pọ̀n nìkan gbọ́, tí onítọ̀hún kò sì ráyè túmọ̀.

Ìrìn àjò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwa Ìjẹ̀bú, ọmọ Alárè. Ẹsẹ̀ òwò ni ó gbé àwọn bàbá wa dé Ìsàlẹ̀-Ìjẹ̀bú àti Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, tí ó sì fọ́n wọn ká Èkó. Bí ó sì ti wù kí ọmọ jìnnà tó, Iléyá tàbí Kérésìmesì yóò dá a padà. Àwọn ènìyàn wa ní Ogun Waterside, ní Ìwópin, ní Mákùn-Omi àti ní Àyílà, ojú omi ni ọmọ wọn máa ń gbà wálé kí ọ̀nà mọ́tò tó là, nínú ọkọ̀ tí ń gba Ẹ̀pẹ́ àti ọ̀sà Lẹ́kí kọjá. Ọmọ Èkó á dé, á fi Ìjẹ̀bú wíwọ́ kí ènìyàn, àwọn ọmọ ilé á fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ahọ́n ti tọ́. Àní ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó tí wọ́n ń sanwó ìtọ́jú fún, kí wọ́n lè ráyè kàwé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá òbí wọn padà wálé, wọn kò mọ ẹ̀bà, wọn kò mọ ìkúnlẹ̀. Ìyá àgbà gbà wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ìkọ́kọrẹ́ bọ́ wọn, ó ń ki oríkì wọn láràárọ̀, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbọ́, títí wọ́n fi gbọ́.

Lónìí, ọ̀nà ti dí. Bí ìyá àgbà bá rí ìwé àṣẹ gbà láti lọ kí ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá sì fẹ́ lọ bá wọn gbé, òfin tí wọ́n ṣe ní 2012 ní àfi kí ó fi ẹ̀rí hàn pé ogbó tàbí àìsàn ti sọ òun di ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ tọ́jú, àti pé kò sí irú ìtọ́jú tí ó yẹ fún òun nílé. Ẹni tí ó ṣì lè gbé ọmọ pọ̀n, ilé ni kí ó jókòó sí. Ìgbà tí kò bá lè gbé ara rẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí ó sì di 11 oṣù Kẹta 2024, wọ́n pa á láṣẹ pé àwọn tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání.

Mo mọ ìyá kan ní Àgó-Ìwòyè tí àṣẹ yìí bá. Ó ti ń fi yàrá háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà tí Yunifásítì Olabisi Onabanjo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àìmọye ọmọ ọlọ́mọ ni ó ti ṣe ìyá fún nínú àgbàlá rẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ kàwé jáde níbẹ̀ náà, ó wá iṣẹ́ títí, ó sì lọ. Ní òwúrọ̀ kan náà, ìyá yìí ń wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì ní Àgó-Ìwòyè, ọmọ rẹ̀ sì ń wẹ ìyá ẹlòmíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ń wọlé lóṣooṣù, mi ò sì ní fi ojú tín-ín-rín rẹ̀, nítorí bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwọn ọmọ méjèèjì mọ àlọ́ ìjàpá, wọ́n mọ oríkì wọn, wọ́n á sì wólẹ̀ kí mi bí mo bá dé. Ìyá wọn ni wọn kò ní. Ti Manchester ní ìyá nítòsí, àwa ni kò ní. Bí ẹnì kan bá bi mí pé nínú méjèèjì ta ni ó ṣe oríire, n kò ní èsì.

Ó rọrùn fún mi láti bínú sí ọmọ mi tí ń din dòdò, àfi pé mo mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ. Tíṣà ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi gan-an ni mo máa ń so pátákó mọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, a ó sì ní kí ó gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí ó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ọmọ mi wà nínú kíláàsì náà. Ó gbé pátákó kọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì láti ọwọ́ bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n sì dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwa tíṣà gbọ́. A sì tún so pátákó.

Lẹ́yìn ọ̀ràn eyín yẹn, aya mi yí ọgbọ́n dà. Kò tún bèèrè mọ́ bóyá ọmọ ti jẹun tàbí bóyá ó lọ sílé-ìwé, ìbéèrè tí gbogbo wa ń bèèrè nítorí pé a kò ní òmíràn. Oríkì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀: Àbẹ̀kẹ́. Orúkọ tí a fi fóònù sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ ni, ẹnikẹ́ni kò sì pè é mọ́ láti ìgbà náà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà ń bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni a ń pè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, kí a tó la ẹnu rárá, òun ni ó kọ́kọ́ fọhùn, ó fi ọwọ́ lu àyà, ó ní, 'Èmi Àbẹ̀kẹ́.' Díẹ̀ ni ó kù kí gèlè aya mi tú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, ẹ̀yin ògbufọ̀ tí ẹ wà láàrin, bí agbára bá gbé e, ẹ fi àwọn ọmọ ránṣẹ́ sílé ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀. Bí kò bá gbé e, nítorí owó ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe owó ẹ̀kọ, ẹ sáà máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa tán. Àti ìwọ ọmọ mi, pátákó tí mo so mọ́ ọ lọ́rùn, mo jẹ̀bi rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, jọ̀wọ́ pa iná dòdò náà, kí o sọ ọ́ fún un tán títí dé orí alángbá. Mo gbọ́ pé eyín kejì ti ń mì.