Kọ̀ǹpútà Àgbéléwò: Ìdánwò Kan fún Ọ̀rọ̀-Ìperí Wa

Ìbéèrè kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dán ọ̀rọ̀-ìperí tuntun wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde: àwa tí a ṣẹ̀dá rẹ̀ ni, àbí ẹni tí yóò fi ṣiṣẹ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé àwa olùkọ́ èdè ni. Iṣẹ́ kékeré kan tí mo ṣe nínú pálọ̀ ilé mi ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni ó yí èrò mi padà, mo sì rí i pé ó tọ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Kọ̀ǹpútà kan ni mo fẹ́ tò pọ̀, èyí tí n ó so mọ́ amóhùnmáwòrán, tí yóò máa tọ́jú fíìmù, orin àti àwòrán ẹbí wa, tí ènìyàn yóò sì lè fi rìmóòtù darí láti orí àga. Mo ké sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kí a jọ ṣe é. Kí ó tó dé, mo ti kọ orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ìrètí mi ni pé bí iṣẹ́ bá parí, n ó fi àkójọ náà ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà yìí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo gbójú lé jù lọ ti ṣubú lulẹ̀.

Èkíní ni *ayárabíàṣá*. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, oríkì ni, kì í ṣe orúkọ: eré tí ẹ̀rọ náà ń sá ni ó fi yìn ín. Nínú pálọ̀, eré kọ́ ni a ń wá. Apá kan wà nínú kọ̀ǹpútà òde òní tí a dìídì ṣe fún títú fíìmù tí a fún pọ̀, nítorí náà iṣẹ́ yìí kì í wọ ọpọlọ ẹ̀rọ náà lọ́rùn púpọ̀. Ohun tí a ń wá ni ìdákẹ́jẹ́ àti àìjẹnápúpọ̀. Fáànù tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ní ọ́fíìsì yóò máa kùn bí oyin nígbà tí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi yan fáànù ńlá tí ó ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé ó lè fẹ́ atẹ́gùn tí ó tó láìsáré.

Ọ̀rọ̀ iná tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì ìnfátà olójé tí ó jẹ́ fóòtì 12, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ ámpíà-wákàtí 200, ń gba wáàtì-wákàtí 2,400. Bí a kò bá fẹ́ kí ó tètè bàjẹ́, kò yẹ kí a lò ju ìdajì lọ, èyíinì ni 1,200. Kọ̀ǹpútà tí ó ń jẹ wáàtì 40 yóò lo 160 nínú rẹ̀ láàárín wákàtí 4. Èyí tí ó ń jẹ wáàtì 300 yóò lo 1,200 gbáko, kò sì ní ku nǹkan kan tí a ó fi tan gílóòbù. Mo ṣe àlàyé yìí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú, sà. Ayárabíàṣá ni ẹ ní kí n bá yín tò, ẹ tún ní ẹ ò fẹ́ èyí tó ń sáré. Èwo ni kí n ṣe?" N kò rí èsì fọ̀.

Èkejì ni *ìrántí*. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́, ènìyàn sábà máa ń fi orúkọ kan pe ohun méjì: ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé, àti ibi tí ó ń tọ́jú ẹrù rẹ̀ sí. Èmi náà tẹ̀ lé wọn láìronú. Mo pe ọ̀kan ní ìrántí kúkurú, mo pe èkejì ní ìrántí pípẹ́. Nígbà tí mo ní kí ó fi kún ìrántí, èyí tí n kò ní lọ́kàn ni ó fi kún. Ìyá mi, tí ó jókòó tì wá, béèrè ohun tí ó fa àríyànjiyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá a lóhùn pé, "Màmá, èyí dà bí àtẹ, èyí dà bí àká."

Àfiwé náà ṣe rẹ́gí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, oníṣòwò a palẹ̀ àtẹ rẹ̀ mọ́. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tí ó wà lórí àtẹ kọ̀ǹpútà a pòórá. Ohun tí ó wà nínú àká wà níbẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Àtẹ gígábáìtì 8 tó fún wa, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rọ ń bu fíìmù láti inú àká wá sórí àtẹ. Àká ni ó yẹ kí ó tóbi: díìsì Blu-ray alábala méjì ń gba gígábáìtì 50, àká tẹ́ràbáìtì 2 yóò sì gba ẹrù irú díìsì bẹ́ẹ̀ 40.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: *ẹ̀rọ ayárabíàṣá fún ilé ìwòran inú ìyàrá ìgbàlejò*. Mo kà á sókè. Ìyá mi ní, "Ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà àgbéléwò ni o ń fi gbogbo ẹnu yìí pè?"

Mo dákẹ́. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ kankan ni ó ṣẹ̀dá *àgbéléwò*. Láti òpin àwọn ọdún 1980 wọ àwọn ọdún 1990, nígbà tí fíìmù Yorùbá bọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì VHS tí ènìyàn lè gbé ilé wò, ẹnu àwọn onífíìmù àti òǹwòran ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ti kásẹ̀ nílẹ̀, díìsì ti rọ́pò rẹ̀, díìsì náà ti ń fàyè sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yẹsẹ̀, nítorí pé ohun tí ènìyàn ń ṣe ni ó sọ, kò dárúkọ kásẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni *amóhùnmáwòrán*: ẹ̀rọ inú ọdún 1959, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, kò jọ ti òní rárá, síbẹ̀ orúkọ náà bá méjèèjì mu. Ẹ wá fi *asọ̀rọ̀mágbèsì* wé wọn. Ohun tí rédíò kò lè ṣe nígbà náà ni ó di orúkọ rẹ̀. Lónìí, olùgbọ́ ń tẹ ilé-iṣẹ́ rédíò láago, wọ́n sì ń gba èsì rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.

Àwọn kan lè jiyàn pé bí a bá fi iṣẹ́ yìí lé oníṣẹ́-ọwọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ àyálò ni yóò bo èdè wa mọ́lẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò ní orúkọ mìíràn fún pátákó tí a ń to ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lé ju "bọ́ọ̀dù" lọ. N kò ní kí a gbé iṣẹ́ wa fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó jókòó tì wá. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Àwọn tí ó ṣe é náà ni ó ń fi í ṣiṣẹ́ ní kíláàsì. Ní ti ẹ̀rọ, àwa kọ́ ni ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́, nítorí náà a kò lè dá a ṣe.

Àbá mi kò ju méjì lọ. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ọ̀rọ̀-ìperí ẹ̀rọ ránṣẹ́ síbí sọ ibi iṣẹ́ tí a ti lò ó àti bí ó ti ṣe níbẹ̀. Kí olùkọ́ tí ó bá rí kọ̀ǹpútà àlòkù gbé e wọ kíláàsì, kí àwọn ọmọ tú u, kí wọ́n sì fi Yorùbá sọ ohun tí ọwọ́ wọn ń kàn. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó tọ́ ìran kan dàgbà tí yóò mọ inú ẹ̀rọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí yóò ní láti gbé èdè rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé sí i.

Mo ti fa àkójọ mi àtijọ́ ya. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo fi sílẹ̀ níwájú yín: *kọ̀ǹpútà àgbéléwò*, *àtẹ* àti *àká*. Ẹ gbé wọn tọ àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ ní àdúgbò yín. Bí wọ́n bá ṣubú níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbí, kí a jọ wá òmíràn.