Ẹ MÁ ṢE FI ÌWÉ OWÓ ẸGBẸ́ SÍNÚ AYÉDÈRÚ

Lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, n kò ní fepo bọyọ̀.

Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo wa àti ìwé owó ìsìnkú wà. Ẹni wa tí ó bá kú sí Òkè Ọya níbí, owó yìí ni a fi ń gbé e relé.

Àwọn kan ní kí a máa lo Windows 10 lọ, nítorí pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn ní kí a ra àdàkọ olówó pọ́ọ́kú lọ́jà. Mo lòdì sí méjèèjì. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà díẹ̀. Ihò tí olè bá rí lára rẹ̀ báyìí, ta ni yóò bá wa dí i? Ní May 2017, WannaCry ti ìwé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn pa ní ìlú Ọba, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àtúnṣe ti wà láti March. Àwọn tí kò gbà á ni ó jìyà. Ti ayédèrú tún burú jù: ẹni tí ó já àgádágodo rẹ̀ lè ti fi olè pamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lo Ubuntu, ọ̀kan nínú ìdílé Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí ó jáde ní April 2024 yóò máa gba àtúnṣe fún ọdún 5. LibreOffice tí a fi ń ṣe ìṣirò wà fún un, ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Ẹ ó ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Fóònù Android tí ẹ fi ń gbowó lọ́jà ńkọ́? Linux ni ó wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn ètò kan kì í ṣiṣẹ́ àfi lórí Windows. Bí akápò bá ní irú rẹ̀ tí kò lè fi sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ ra ojúlówó Windows 11, bí kọ̀ǹpútà wa bá lè gbé e. Èyíkéyìí tí a bá mú, kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé owó síbòmíràn, kí a sì dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò.

Ẹ wá sí ìpàdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a fi owó òkú ta tẹ́tẹ́, kí ó dìde, kí ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa.

Akọ̀wé Ẹ̀ka